Ìkòkò Ọtí Tí Wọ́n Fọ̀ ní Ọ̀kà

Mo rántí ìgbà tí ọtí inú ìgò yí adùn padà mọ́ wa lẹ́nu ní Ìkàrẹ́. Ìjọba ológun ló ní kí ẹnikẹ́ni má kó ọkà bálì wọlé láti òkè òkun mọ́, ni àwọn ilé iṣẹ́ ọtí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkà bàbà àti àgbàdo tiwa ṣe é. Ariwo ta ní gbogbo ilé ọtí. Àwọn àgbà tó ti ń mu ún tipẹ́ ní ògì ni wọ́n rọ sínú ìgò fún àwọn, wọ́n ní bó bá ṣe ògì ni, àwọn mọ ibi tí àwọn ti lè rà á. Èmi nìkan ni inú mi ń dùn. Akọ̀wé kékeré ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n gbé lọ sí Àkókó, n kò níyàwó, n kò lọ́mọ, ọtí sì ni ohun kan ṣoṣo tí mo rò pé mo mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Bí a bá ti jókòó nírọ̀lẹ́ Fúráìdé, màá gbé gíláàsì sókè sí ìmọ́lẹ̀, màá ti imú bọ̀ ọ́, màá fi ọtí yí ẹnu ká, màá sì dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á dákẹ́. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ló wí?” Màá ní ti ọ̀sẹ̀ yìí fúyẹ́, màá ní ti ilé iṣẹ́ kejì ní òórùn àgbàdo sísun, pé ó ń ta lọ́fun díẹ̀ nígbà tó bá ń wọlẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n tún un wí, èmi náà á sì tún un wí. Mo gbà pé wọ́n ń kan sáárá sí mi ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń fi mí ṣeré.

Mẹ́séńjà ọ́fíìsì wa, bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀kà, ni ọ̀rọ̀ mi kọ́kọ́ sú. Ó ní bó bá jẹ́ torí ọkà bàbà ni mo ṣe ń yọ gbogbo èèyàn lẹ́nu, kí n jẹ́ kí òun mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń fi í pọn ọtí kí ìjọba kankan tó dé. Bí a ṣe wọ mọ́tò gun òkè Ọ̀kà lọ ní Sátidé kan nìyẹn, nígbà ọyẹ́, tí eruku bo àwọn àpáta títí tí èèyàn kò fi rí orí wọn. Ní Ìwàrò, àdúgbò kan ní Ọ̀kà, lẹ́yìn ilé alámọ̀ kan, a bá obìnrin àgbà kan lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi koríko bò, àwọn ìkòkò ńláńlá yí i ká. Màmá Ọlọ́tí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó fi aṣọ dúdú kan wé orí, kò sì rẹ́rìn-ín sí wa. Ó bu ọtí sínú igbá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò sí yìnyín, kò sí gíláàsì. Ọtí náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó pupa rúsúrúsú, ó sì ki.

Mo dijú bí ìṣe mi, mo mu ún. Ó kọ́kọ́ kan díẹ̀ bí ọsàn tí kò tíì pọ́n tán, ó wá dùn, adùn náà kò sì yára lọ. Lẹ́yìn tó ti wọlẹ̀ tán ni òórùn ọkà yíyan gòkè láti ọ̀fun, pẹ̀lú nǹkan mìíràn báyìí bí òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ojú tì mí. Gbogbo ohun tí mo ti ń pè ní ìmọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ọtí tútù ni, yìnyín sì ti pa ahọ́n mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe fáàrí. Mo na igbá padà sí obìnrin náà, ó bu òmíràn fún mi. Mẹ́séńjà wa ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín sínú.

Láti ọjọ́ yẹn, ó ṣòro kí Sátidé kan kọjá kí n má gun òkè lọ. Mo mọ bí Màmá ṣe ń rẹ ọkà bàbà sómi, bó ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó títí á fi hù, bó ṣe ń sá a sórí àpáta lẹ́yìn ilé, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń sè é, tó ń jẹ́ kó kan, tó tún ń padà sè é. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni. Kò fi ọ̀kankan pamọ́ fún mi, ó tilẹ̀ máa ń bú mi bí mo bá ki igi sínú iná jù. Ṣùgbọ́n ó ní gbogbo ìyẹn, ọlọ́tí wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ohun tó sọ ọtí rẹ̀ di tirẹ̀ wà nínú ìkòkò ńlá kan tó dá wà ní igun àtíbàbà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tó pọn kẹ́yìn ló máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó nípọn, àwọ̀ rẹ̀ bí ẹrẹ̀, ó sì ti lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò náà yíká. Orí rẹ̀ ló máa ń da ọtí tuntun tó ti tutù lé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó fúnra rẹ̀ láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fún un. Ìyá ìyá rẹ̀ ló fún ìyẹn. Bí ìkòkò kan bá ń sán, wọ́n á gbọ́n gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ sínú òmíràn, ṣùgbọ́n omi lásán kì í kàn án, áńbọ̀sìbọ́sí ọṣẹ. “Àwọn ará ilé” ni Màmá ń pè é. Bí kò bá pọn ọtí lọ́sẹ̀ kan, á bu omi ọkà lé e, á ní kí àwọn ará ilé má bàa febi sùn.

Àwọn ọlọ́tí mìíràn ti wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi sú wọn. Kò fún ẹnì kankan. Mo bi í léèrè rí pé kí ló dé tó fi háwọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ìyá òun ló ní kí òun má fún ará ìta, ọmọ òun nìkan ni kí òun fún. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà, nítorí ọmọ kan ṣoṣo ló bí tó yè, ọmọ náà sì ti fẹ́ áfà kan ní Ìkàrẹ́.

Ìyàwó Áfà ni gbogbo Ìwàrò ń pè é bó bá gun òkè wá kí ìyá rẹ̀. Kò sí ìjà láàárín wọn. Ní Àkókó, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jọ ń bí ara wọn ni, kò sí ẹni tó ń fi ìyẹn pariwo. Á wá, á gbálẹ̀, á pọnmi, á sè fún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, á yíjú kúrò lára àtíbàbà náà bí ẹni pé ẹni tí kò dáṣọ bora ló wà níbẹ̀. Màmá kì í sọ nǹkan kan. Ọjọ́ kan péré ló bá mi sọ ọ́, nígbà tó ń sẹ́ ọtí lọ́wọ́. “Akọ̀wé, bí mo bá kú, ta ni màá fún?” Nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, mo rò pé bóyá èmi ló ń fi ọ̀rọ̀ náà wá, inú mi sì dùn dé ilé lọ́jọ́ náà. Ẹ wo òmùgọ̀. Èmi tí n kò lè dá iná ààrò kó má kú.

Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ mú Màmá ní ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá sí ọsibítù ní Ìkàrẹ́, bí mo bá sì ti kúrò níbi iṣẹ́, màá yà síbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń tún sọ ṣáá: àwọn ará ilé ńkọ́, ta ló ń fún wọn lóúnjẹ? Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ rò pé àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló fi sílẹ̀, ó ń fi í lọ́kàn balẹ̀ pé àwọn aládùúgbò kò ní jẹ́ kí ebi pa wọ́n. Èmi àti ọmọ rẹ̀ ló mọ ohun tó ń sọ. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà bá dá wà pẹ́ jù láìsí ọtí tuntun lórí rẹ̀, á bàjẹ́, ó sì tán nìyẹn. Ohun tí ìyá àti ìyá ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ á kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìyàwó Áfà jókòó ti ìbùsùn náà pẹ́ lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó ní, “Màmá, èmi á lọ pọn ọ́n.” Mo yíjú wò ó. Ó ti bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní áfà fèsì pé, “Ìyá rẹ ni. N ò lè ní kí o lọ, n ò sì ní dí ọ lọ́nà. Ọwọ́ rẹ ni kí o fi ṣe é, má fi ẹnu rẹ ṣe é.” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Òun ni yóò pọn ọtí, èmi ni yóò máa tọ́ ọ wò fún un. Màmá ń wo àwa méjèèjì, omi sì ń jáde lójú rẹ̀. N kò rí i kó sunkún rí. Ó mọ̀ pé ọmọ òun ti gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò gbà á láìmọ adùn rẹ̀. A fi àdéhùn sí Sátidé.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé àwọn obìnrin ilé áfà ti gbọ́ pé àna àwọn wà ní ọsibítù. Nílé wọn, bí ìyá ìyàwó bá ń ṣàìsàn, àwọn obìnrin ilé ọkọ ní láti lọ tún ilé rẹ̀ ṣe kó tó padà dé. Wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á fọ aṣọ, wọ́n á fọ gbogbo abọ́ àti ìkòkò, kí aláìsàn má bàa padà wá bá ìdọ̀tí. Ọ̀wọ̀ ńlá ni, ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún kì í gbàgbé. Wọ́n wọ mọ́tò gun òkè lọ ní Ọjọ́bọ̀, àwọn pẹ̀lú ọṣẹ àti kànìnkànìn. Wọn kò sọ fún ìyàwó wọn, nítorí wọ́n fẹ́ kó bá a lójijì kí inú rẹ̀ dùn.

Ní Sátidé, èmi àti Ìyàwó Áfà wọ inú ilé náà. Gbogbo ibẹ̀ ń dán. Wọ́n ti tu koríko ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ti ká ẹní jọ, aṣọ Màmá wà ní kíká lórí àpótí. Ìyàwó Áfà ló kọ́kọ́ dé àtíbàbà, mo sì rí i tó dúró. Wọ́n ti dojú ìkòkò náà dé sórí ògiri kúkúrú nínú oòrùn, asẹ́ àti igi tí wọ́n fi ń ro ọtí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi iyanrìn ha inú rẹ̀ títí ó fi pupa bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ́n. Mo ti imú bọ̀ ọ́. Òórùn ọṣẹ nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Àwọn obìnrin yìí kò fọwọ́ kan ìkòkò ọtí rí láyé wọn, èèwọ̀ ni fún wọn. Aládùúgbò tó wà nílé lọ́jọ́ náà sọ pé àwọn tó kéré nínú wọn fẹ́ fò ó, pé èyí tó dàgbà jù ló ní rárá, kò yẹ kí àna àwọn padà dé bá irú ẹ̀gbin bẹ́ẹ̀, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Aládùúgbò náà kò dá wọn dúró, ó rò pé ọmọ Màmá ló rán wọn. Ta lẹ fẹ́ bá wí níbẹ̀? Ìyàwó Áfà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, “Kí ni màá sọ fún wọn báyìí? Ṣé kí n ní ẹ kú iṣẹ́ ni?”

A wá gbogbo ibi tó lè kù sí. A ha ilẹ̀ níbi tí wọ́n da omi ìdọ̀tí sí, ṣùgbọ́n adìyẹ ti tan ibẹ̀ mọ́. Kò sí ọlọ́tí kankan tí a lè lọ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí Màmá kò fún ẹnì kankan rí. Inú bí mi sí i, ká sòótọ́. Bó bá jẹ́ pé ó bu ẹyọ ṣíbí kan fún ọ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo àwọn tó bẹ̀ ẹ́, ibì kan ì bá wà tí a óò sáré lọ. Ìyàwó Áfà ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní a máa lọ sí Ọ̀bà. Ọlọ́tí kan wà ní Ọ̀bà-Àkókó tí Màmá ti lé padà rí. Obìnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, ó kẹ́dùn, ó bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tirẹ̀ sínú agolo mílíìkì fún wa. “Ẹ má sọ fún un pé èmi ni,” ó ní. “Ara á ni ín.”

Ìyàwó Áfà pọn ọtí náà bí ẹni tó ti ń pọn ọ́n láti kékeré. Mo rò pé òun ni kò wo àtíbàbà yẹn, àṣé kò sí ohun tó bọ́ mọ́ ọn lójú. Ó fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Ọ̀bà pa ara ìkòkò náà yíká, tó fi dúdú padà bí ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó hó tán, ó bu díẹ̀ fún mi, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tọ́ ọ wò. Ọtí dáadáa ni. Bó bá ṣe ibòmíràn ni mo ti mu ún, màá yìn ín fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. “Ṣé òun ni?” ó béèrè. Mo ní kì í ṣe òun. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ̀.” Mo ní n kò ní jẹ́ kó mọ̀.

Màmá padà sílé tòun ti ọ̀pá. Àìsàn náà ti gba adùn lẹ́nu rẹ̀, ó ní gbogbo oúnjẹ ti dà bí iyanrìn, iyọ̀ àti oyin kò yàtọ̀ sí ara wọn mọ́. Ìyẹn ló fi wá lọ́kàn balẹ̀, ẹ wo irú ohun tó ń fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n gbé àga síta fún un. Àwọn aládùúgbò péjọ, wọ́n mu ọtí, wọ́n ní kò yẹ̀, wọ́n ní ọmọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá. Ìyàwó Áfà dúró ti ògiri, ó fi ìborùn bo ẹnu. Màmá kò fetí sí ìkankan nínú wọn. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè, ó ní kí wọ́n bu igbá kan fún Akọ̀wé.

Mo mu ún. Mo ní, “Màmá, òun gan-an ni.” Ó ń wò mí. Mo ní kíkan rẹ̀ pé, mo ní adùn rẹ̀ pé, mo ní ó tilẹ̀ fẹ́ ta lọ́fun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ díẹ̀, bóyá torí pé ọkà tuntun ni. Mo sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ nípa ìfófó orí rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ ní Ìkàrẹ́ nírọ̀lẹ́ Fúráìdé, mo sọ ọ́ níbẹ̀, ó sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Akọ̀wé,” ó ní, ohùn rẹ̀ ń wọ́. “Láti ìgbà tí o ti ń wá síbí, bí o bá mu tèmi, igbá lo máa ń nà sí mi padà. O ò sọ tó báyìí rí.”

Mo wo igbá ọwọ́ mi. Ó ṣì kún dé ìdajì.

Ó wo ara ìkòkò náà, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ kò nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Kò pariwo. “Ta ló fọ̀ ọ́?”

Ìyàwó Áfà kúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ̀ ló ń rò, àwọn tó tẹ̀ ba tí wọ́n ha ìkòkò náà nítorí tirẹ̀. Ó ní, “Èmi ni, Màmá.” Ó wá gbójú sókè wò mí, ojú náà sì ní kí n pa ẹnu mi mọ́.

Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí. “Mo mọ̀ pé kò wù ọ́,” ó ní. “Kò burú. Ṣùgbọ́n o ò bá ti jẹ́ kí n kú ná.” Nígbà tó ṣe, ó nawọ́ sí ìkòkò náà, ó ní, “Ẹ tà á. Ọtí ni, kì í ṣe májèlé. Ẹ má ṣáà pè é ní tèmi.”

Kò pọn ọtí mọ́ títí ó fi kú, kò sì pẹ́ tó fi kú. Àwọn obìnrin ilé áfà wá síbi ìsìnkú pẹ̀lú oúnjẹ, wọ́n sì bá wa kẹ́dùn tọkàntọkàn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn jókòó tì mí, ó ń sọ bí àwọn ṣe tún ilé ìyá náà ṣe kó tó dé láti ọsibítù, tí àwọn kò fi ohunkóhun sílẹ̀. Ó ní ó dùn mọ́ òun pé ìyá náà bá ilé tó mọ́ kó tó lọ. Ìyàwó Áfà gbọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dìde kúrò níbẹ̀, mo lọ dúró sẹ́yìn ilé.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, Àkúrẹ́ ni mo ń gbé. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà níbí tí wọ́n ń pọn ọtí tiwọn nínú yàrá kékeré kan, wọ́n ní ti ilé iṣẹ́ ńlá ti sú àwọn. Ọkà bàbà ni wọ́n ń lò, wọ́n ń fi oyin sí i, wọ́n ń fi ewúro dípò ewé kíkorò ti àwọn òyìnbó, ìwúkàrà inú páálí tó wá láti òkè òkun ni wọ́n sì fi ń mú un hó. Wọ́n gbọ́ pé mo mọ̀ nípa ọtí, wọ́n máa ń pè mí wá tọ́ ọ wò. Mo fẹ́ràn wọn. Bó bá dára, màá sọ. Bí kò bá dára, màá sọ. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá, ti Ọ̀kà tí ẹ máa ń sọ yẹn, báwo ló ṣe rí lẹ́nu gan-an?” Mo lanu láti dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ó pọ̀, mo ti sọ ọ́ fún èèyàn tó pọ̀. Adùn náà ni kò wá. Mo dúró dè é, ọmọ náà ń wò mí, kò wá. Ọtí yòówù kí ẹ gbé fún mi lónìí, mo ṣì lè sọ fún yín pé kì í ṣe òun, ìyẹn dá mi lójú. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n mọ́. Mẹ́séńjà wa ti kú. Àwọn ará Ìwàrò tó mu ún ti kú tán. Nínú àwa tó dúró lábẹ́ àtíbàbà yẹn, Ìyàwó Áfà nìkan ló kù pẹ̀lú mi, ó ti darúgbó ní Ìkàrẹ́, òun kò sì tọ́ ọ wò rí.